ÌGBÀLÀ KÌ Í ṢE OWÓ IṢẸ́

Ẹ̀kọ́ fún Kíláàsì Àwọn Àgbàlagbà

Bíbélì fún Ẹ̀kọ́: Éfésù 2:1-10, Róòmù 4:1-8, Jákọ́bù 2:14-24

Ẹsẹ Àkọ́sórí: Éfésù 2:8-9 (Kí gbogbo kíláàsì ṣí Bíbélì wọn, kí wọ́n kà á pọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.)

Òtítọ́ Pàtàkì: Ọlọ́run ń gba ẹlẹ́ṣẹ̀ là nípa oore-ọ̀fẹ́, nígbà tí ó bá gba Jésù Krístì gbọ́. Iṣẹ́ rere kò ra ìgbàlà; ẹni tí a ti gbà là ni ń so èso iṣẹ́ rere.

Ète Ẹ̀kọ́: Kí olúkúlùkù wa yẹ ọkàn ara rẹ̀ wò, kí ó mọ ohun tí ó gbẹ́kẹ̀ lé, kí ó sì fi ìdánilójú sinmi lé Krístì nìkan.

BÍBÉLÌ KÍKÀ OJOOJÚMỌ́

Ọjọ́ Ajé: Lúùkù 18:9-14, Farisí àti agbowó-òde
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: Lúùkù 23:39-43, Olè orí àgbélébùú
Ọjọ́rú: Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 16:25-34, Onítúbú ìlú Fílípì
Ọjọ́bọ̀: Gálátíà 2:15-21, Kì í ṣe nípa iṣẹ́ òfin
Ọjọ́ Ẹtì: Títù 3:3-8, Àánú Ọlọ́run ni
Ọjọ́ Àbámẹ́ta: Róòmù 4:1-8, Ìgbàgbọ́ Ábúráhámù
Ọjọ́ Ìsinmi: Éfésù 2:1-10, Láti inú ikú sí ìyè

ÌFÁÀRÀ

Bí o bá gba ọjà Òṣòdì kọjá ní òwúrọ̀, kò ní pẹ́ tí ìwọ yóò fi rí alájọ. Ó gbé báàgì kọ́ apá, ó mú bírò lọ́wọ́, ó sì ń lọ láti ìsọ̀ kan dé èkejì. Ẹni tí ń ta ata dá tirẹ̀, ẹni tí ń ta aṣọ òkìrìkà dá tirẹ̀, alájọ sì ń sàmì sí káàdì olúkúlùkù. Nígbà tí oṣù bá parí, alájọ yóò yọ owó ọjọ́ kan fún làálàá ara rẹ̀, yóò sì kó ìyókù fún ẹni tí ó ni ín. Nítorí náà ni ìyá ọlọ́jà fi lè bá alájọ sọ̀rọ̀ láìbẹ̀rù. Kò tọrọ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Owó ara rẹ̀ ni ó ń béèrè.

Ètò tí ó dára ni àjọ jẹ́. Ó ti ran ọ̀pọ̀lọpọ̀ lọ́wọ́ láti san owó ilé-ìwé ọmọ àti láti sọ ọjà wọn di ńlá. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń lọ sí ilé Ọlọ́run ni ó ti sọ Ọlọ́run di alájọ. Bí a bá wá sí ìsìn, a gbà pé a ti dá ti òní, a sì ti sàmì sí i. Bí a bá san ìdámẹ́wàá, àmì mìíràn nìyẹn. Bí a bá gba ààwẹ̀, tàbí a ra àga fún ilé ìjọsìn, àmì ńlá ni. Ọjọ́ tí a bá purọ́, tàbí tí a bá bú ọmọnìkejì, a mọ̀ pé àlàfo wà nínú káàdì. A wá ń retí pé ní ọjọ́ ìkẹyìn Ọlọ́run yóò ka àwọn àmì náà, yóò sì sọ pé, “Ó tó. Wọlé.” Síbẹ̀ ọkàn wa kò balẹ̀, nítorí kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó mọ iye àmì tí ó tó.

Bí ìwọ bá ti bẹ àgbàlagbà kan nínú ìjọ wò rí lórí ibùsùn àìsàn, ó ṣeé ṣe kí o ti gbọ́ ọ̀rọ̀ bí irú èyí: “Mo ti gbìyànjú o. N kò mọ̀ bóyá Ọlọ́run yóò gbà á.” Ó ti kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin fún ogún ọdún. Ó ti bá wọn ru yẹ̀pẹ̀ nígbà tí a ń kọ́ ilé ìjọsìn. Ó ti kọ́ ọmọ àwọn ẹlòmíràn ní Bíbélì. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí tí ikú súnmọ́ tòsí, kò mọ ibi tí òun ń lọ. Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí a sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í ṣe pé, “Ẹ má ṣèyọnu, ẹ ti ṣe dáadáa.” Ọ̀rọ̀ náà kò lè mú ọkàn rẹ̀ balẹ̀, nítorí òun fúnra rẹ̀ mọ àwọn àlàfo inú káàdì rẹ̀. Ìròyìn tí ó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ wà fún un, òun sì ni ẹ̀kọ́ wa ti òní.

ÀLÀYÉ Ẹ̀KỌ́

I. Ipò tí a wà kí oore-ọ̀fẹ́ tó dé (Éfésù 2:1-3)

Ẹ ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ tí Pọ́ọ̀lù lò ní ẹsẹ kìíní. Kò sọ pé a ṣàìsàn nínú ẹ̀ṣẹ̀. Ó sọ pé òkú ni wá. Ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín méjèèjì. Ẹni tí ó ṣàìsàn ní Ìsọlọ̀ lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ilé-ìwòsàn ìjọba, kí ó gba káàdì, kí ó tò sórí ìlà títí yóò fi kàn án. Ó lè lo oògùn tí dókítà bá kọ fún un. Ṣùgbọ́n òkú kò lè gba káàdì. Kò lè tò sórí ìlà. Bí a bá to gbogbo oògùn ayé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò lè na ọwọ́ mú ọ̀kan. Bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ ọ́ di alààyè, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti parí.

Ẹ tún wò ó ní ẹsẹ kẹta pé Pọ́ọ̀lù fi ara rẹ̀ kún un. Kì í ṣe àwọn kèfèrí ìlú Éfésù nìkan ni ó ń bá wí. Pọ́ọ̀lù jẹ́ Farisí. Ó mọ òfin, ó ń gbàdúrà, ó sì ń ṣọ́ra lórí ohun jíjẹ àti ohun mímu. Ní Fílípì 3:4-9 ó to gbogbo ohun tí ó lè fi ṣògo, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tí ń ka owó sílẹ̀, lẹ́yìn náà ó kó gbogbo rẹ̀ sí apá òfò nítorí Krístì. Bí ó bá jẹ́ pé iṣẹ́ rere lè gbé ẹnikẹ́ni dé ọ̀run, Pọ́ọ̀lù ni ìbá kọ́kọ́ dé ibẹ̀.

Òtítọ́ yìí máa ń nira fún ẹni rere láti gbà. Ọmọ ìta tí ń sùn lábẹ́ afárá mọ̀ pé òun nílò àánú. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò jalè rí, tí ó ń san owó ilé rẹ̀ ní àsìkò, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní ènìyàn dáadáa, kì í tètè mọ̀ pé òun náà nílò rẹ̀. Àwọn baba wa ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Olúkúlùkù ni ó ní ibi tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó. Ní ti ògo Ọlọ́run, gbogbo ọwọ́ ni ó kúrú, ti ẹlẹ́wọ̀n àti ti díákónì, gẹ́gẹ́ bí Róòmù 3:22-23 ti kọ́ wa. Ẹni tí ó gun orí àga àti ẹni tí ó dúró ní ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lè máa jiyàn lórí ẹni tí ó ga jù, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kan ìràwọ̀ nínú wọn.

II. Ohun tí Ọlọ́run ṣe fún wa (Éfésù 2:4-9)

Ní ẹsẹ kẹrin ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. A ti gbọ́ nípa wa. Nísinsìnyí a gbọ́ nípa Ọlọ́run. Ó pọ̀ ní àánú. Ó fẹ́ wa. Ó sọ wá di alààyè pẹ̀lú Krístì. Ó jí wa dìde. Ó mú wa jókòó. Ẹ ka gbogbo iṣẹ́ tí ó wà nínú àwọn ẹsẹ náà, kí ẹ sì bi ara yín léèrè pé ta ni ó ń ṣe é. Ọlọ́run ni. Ohun tí ó kàn wá ni pé kí a gbà á.

Ní Róòmù 4:4-5, Pọ́ọ̀lù lo ọ̀rọ̀ tí gbogbo òṣìṣẹ́ mọ̀. Bí bíríkìlà bá mọ ògiri fún ọ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, tí o sì san owó rẹ̀, o kò ta á lọ́rẹ. Gbèsè ni o san. Bí ó bá dúpẹ́, ìwà ọmọlúàbí ni, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni ó gbà. Bí ìgbàlà bá jẹ́ owó iṣẹ́, a jẹ́ pé Ọlọ́run jẹ wá ní gbèsè, a sì lè dúró níwájú rẹ̀ kí a máa béèrè bí ìyá ọlọ́jà ti ń béèrè lọ́wọ́ alájọ. Ta ni nínú wa tí ó lè dúró bẹ́ẹ̀? Ohun tí ẹ̀ṣẹ̀ ní láti san fún wa ni Róòmù 6:23 ti sọ, ikú ni. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń béèrè owó iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ Ọlọ́run kò mọ ohun tí ó ń béèrè.

Ẹ jẹ́ kí a wò ó báyìí. Ká ní o wọ danfo ní Òṣòdì, o ń lọ sí Ìsọlọ̀. Ọkọ̀ ti gbéra. Kọ́ńdọ́ bẹ̀rẹ̀ sí gba owó láti ẹ̀yìn bọ̀. O na ọwọ́ sí àpò, o rí i pé wọ́n ti yọ owó rẹ níbi tí èrò ti pọ̀. Òógùn bò ọ́. Kí kọ́ńdọ́ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ, ẹnìkan ní ẹ̀yìn ní, “Mo ti san tirẹ̀.” Kí ni kí o ṣe? O lè kọ̀, kí o ní o kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni san owó fún ọ, ṣùgbọ́n kí ni ìwọ yóò fi san án? O lè ní kí kọ́ńdọ́ jẹ́ kí o bá a nu ọkọ̀, kí ó lè dàbí ẹni pé ìwọ náà san díẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àbùkù ni ìyẹn jẹ́ fún ẹni tí ó ti san án tán. Ohun kan ṣoṣo tí ó yẹ ni kí o yí ojú sí ẹ̀yìn, kí o sì dúpẹ́.

Àpèjúwe yìí kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí a ń sọ. Owó ọkọ̀ kì í ṣe ohun tí ń pa ẹni tí ó san án lára. Ṣùgbọ́n ìgbàlà wa ná Ọlọ́run ní Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Nígbà tí a bá sọ pé ọ̀fẹ́ ni, a kò sọ pé kò níye lórí. A ń sọ pé ó wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí a kò ní ohun tí a lè fi rà á, àti pé ẹni tí ó lè san án ti san án ní Kálfárì.

Ẹ rántí olè tí a kàn mọ́ àgbélébùú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Olúwa (Lúùkù 23:39-43). Kò ní àyè láti ṣe ìtẹ̀bọmi. Kò lè dá ohun tí ó jí padà. Kò san ìdámẹ́wàá kankan, ọwọ́ rẹ̀ pàápàá kò sì ṣí sílẹ̀ láti ṣe iṣẹ́ rere kan ṣoṣo. Ẹnu rẹ̀ nìkan ni ó kù, ó sì fi bẹ Jésù. Ní ọjọ́ náà gan-an ni Olúwa ṣèlérí Párádísè fún un. Bí ìgbàlà bá gba pé kí ènìyàn fi nǹkan kan kún un, olè yìí kì bá tí wọlé.

III. Kí ni ìgbàgbọ́? (Éfésù 2:8)

Àwọn kan yóò sọ pé, “Ó dára, iṣẹ́ kò gbani là, ìgbàgbọ́ ni ń gbani là. Ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ mi kò lágbára tó.” Ẹ wò ó bí a ti tún mú àjọ wọlé láti ẹnu ọ̀nà mìíràn. A ti sọ ìgbàgbọ́ fúnra rẹ̀ di iṣẹ́ tí a ní láti ṣe títí yóò fi tó. Ẹ jẹ́ kí a fi ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò wa yìí ṣàlàyé, pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀ ọkàn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kìíní ọdún 2002, àwọn bọ́ǹbù tí a kó pamọ́ sí bárékè àwọn ọmọ ogun ní Ìkẹjà bẹ̀rẹ̀ sí bú. Ilẹ̀ mì tìtì. Fèrèsé ń fọ́ ní ibi tí ó jìnnà. Kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí ó dé, ẹ̀rù sì lé àwọn ènìyàn jáde nílé pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn àti ọmọ lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ sá gba ọ̀nà Ìsọlọ̀ àti Èjìgbò nínú òkùnkùn. Ní Òkè-Afá, ewéko omi ti bo ojú ipa-odò tí ó wà níbẹ̀, ó sì dàbí ilẹ̀ pápá. Àwọn tí ń sá bọ̀ rò pé ilẹ̀ ni. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, kò sì gbà wọ́n dúró. Àwọn tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn tún ti àwọn tí ó wà níwájú. Ó ju ẹgbẹ̀rún ènìyàn lọ tí ó kú nínú ìjàǹbá náà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni omi Òkè-Afá gbé, àwọn ọmọdé sì pọ̀ láàárín wọn. Ibẹ̀ ni a sin ọ̀pọ̀ nínú wọn sí, ibẹ̀ náà ni ọ̀wọ̀n ìrántí wọn wà.

Ó ṣeé ṣe kí ẹni tí ó pàdánù ènìyàn ní ọjọ́ náà jókòó nínú kíláàsì yìí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ wọn ni ó pa wọ́n. Olúwa wa fúnra rẹ̀ kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí a sọ fún un nípa àwọn ará Gálílì, òun sì fi ilé-ìṣọ́ Sílóámù tí ó wó pa ènìyàn méjìdínlógún kún un (Lúùkù 13:1-5). Kò jẹ́ kí a fi ikú wọn dá wọn lẹ́jọ́. Àwa tí ó kù láàyè ni ó kọjú sí, pé kí a ronú pìwà dà.

Ohun tí a lè kọ́ ni èyí. Àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn kò ṣiyèméjì nígbà tí wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé ewéko náà. Gbogbo ara ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Ohun tí wọ́n tẹ̀ ni kò lè gbé wọn. Nítorí náà, kì í ṣe agbára ìgbàgbọ́ ni ń gbani là, bí kò ṣe agbára ẹni tí a gbà gbọ́. Ẹni tí ó fi ìgboyà ńlá dúró lórí ìwà rere ara rẹ̀ dúró lórí ewéko tí ó bo omi. Ó tutù lójú, ó dàbí ilẹ̀, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ ìdájọ́ kò ní lè gbà á dúró. Ẹni tí ó sì ń gbọ̀n, tí ó ń fi ẹ̀rù gbé ẹsẹ̀ lé afárá tí ó dúró ṣinṣin, yóò dé òdì kejì gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń sáré lórí rẹ̀ yóò ti dé. Afárá ni ó gbé àwọn méjèèjì. Arákùnrin, arábìnrin, má ṣe máa wo bí ẹsẹ̀ rẹ ti ń gbọ̀n tó. Ohun tí o dúró lé ni kí o wò.

Ohun mẹ́ta ni ó wà nínú ìgbàgbọ́ tí ń gbani là:

1. Ìmọ̀. A ní láti mọ ẹni tí Jésù jẹ́ àti ohun tí ó ṣe, pé ó kú nítorí ẹ̀ṣẹ̀ wa, pé ó sì jíǹde.

2. Ìfaramọ́. A ní láti gbà pé òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ àti ìfaramọ́ nìkan kò tó. Jákọ́bù 2:19 sọ fún wa pé àwọn ẹ̀mí èṣù náà mọ̀ pé Ọlọ́run kan ni ó wà, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n.

3. Ìgbẹ́kẹ̀lé. Èyí ni pé kí ènìyàn kúrò lórí ohun tí ó dúró lé tẹ́lẹ̀, kí ó sì fi gbogbo ara tẹ Krístì. Nítorí náà ni ìrònúpìwàdà àti ìgbàgbọ́ kì í fi í yà kúrò lọ́dọ̀ ara wọn. Ẹni tí ó bá yíjú sí Krístì ti kọ ẹ̀yìn sí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, ó sì ti kọ ẹ̀yìn sí òdodo ara rẹ̀ pẹ̀lú.

IV. Bí ọ̀rọ̀ yìí ti dé ọ̀dọ̀ wa

Òtítọ́ yìí ti sọnù mọ́ àwọn ènìyàn Ọlọ́run lójú rí. Ní ọdún 1505, Martin Luther wọ ilé àwọn mọ́ńkì ní ilẹ̀ Jámánì. Ó gba ààwẹ̀, ó ń jí gbàdúrà ní òru, ó sì ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ nígbà gbogbo, síbẹ̀ kò ní àlàáfíà. Nígbà tí ó ń kọ́ni ní Bíbélì ní Wittenberg, Róòmù 1:17 ni ó là á lójú pé òdodo tí Ọlọ́run ń béèrè ni Ọlọ́run ń fi ta onígbàgbọ́ lọ́rẹ. Ní ọdún 1517 ó kọ àwọn kókó ọ̀rọ̀ márùndínlọ́gọ́rùn-ún rẹ̀ lòdì sí títa ìwé ìdáríjì, ìròyìn náà sì tàn ká gbogbo Yúróòpù.

Ní ilẹ̀ tiwa, lẹ́tà sí àwọn ará Róòmù yìí kan náà wà lára ìwé Bíbélì tí ó kọ́kọ́ jáde ní èdè Yorùbá. Samuel Ajayi Crowther ni ó túmọ̀ rẹ̀, a sì tẹ̀ ẹ́ ní ọdún 1850. Kí odindi Bíbélì tó wà lọ́wọ́ wa, àwọn baba wa ti lè kà ní èdè ìyá wọn pé ìdáláre ń bẹ nípa ìgbàgbọ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1850 kan náà ni Thomas Jefferson Bowen, míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi àkọ́kọ́, gúnlẹ̀ sí Badagry. Àwọn tí ó wá bá níhìn-ín mọ ohun tí ń jẹ́ ẹbọ. Wọ́n mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ ń béèrè ètùtù. Ohun tuntun tí ìhìn rere sọ fún wọn ni pé Ọlọ́run ti fúnra rẹ̀ pèsè ẹbọ náà, ó ti rú u lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò sì ku ohun tí a ó tún mú wá.

Ìdí nìyí tí àwa Onítẹ̀bọmi kì í fi í tẹ ọmọ ọwọ́ bọ omi, tí a sì máa ń béèrè ẹ̀rí ìgbàgbọ́ lẹ́nu ẹni tí ó fẹ́ ṣe ìtẹ̀bọmi. Omi kò wẹ ẹ̀ṣẹ̀ nù. Ó ń jẹ́rìí pé a ti bá Krístì kú, a sì ti bá a jíǹde. Bí o bá ti wọ inú omi láìgba Krístì gbọ́, o wọ inú rẹ̀ ní gbígbẹ, o jáde ní tútù, kò sí ohun mìíràn tí ó yí padà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìwé-ẹ̀rí ìtẹ̀bọmi tí ó wà nínú àpótí yín jẹ́ ohun tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé.

V. Iṣẹ́ rere ńkọ́? (Éfésù 2:10, Jákọ́bù 2:14-24)

Ẹnìkan lè bi wá pé, “Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni mo ń ṣe wàhálà ìwà rere sí?” Wọ́n bi Pọ́ọ̀lù ní irú ìbéèrè yìí, ó sì dá wọn lóhùn ní Róòmù 6:1-2. Ẹ wo Éfésù 2 dáadáa. Ní ẹsẹ kẹsàn-án, iṣẹ́ kò ní ipa kankan nínú ohun tí ó gbà wá là. Ní ẹsẹ kẹwàá, iṣẹ́ rere ni Ọlọ́run tìtorí rẹ̀ dá wa ní ọ̀tun. Iṣẹ́ kan náà ni. Ipò rẹ̀ ni ó yàtọ̀. Gbòǹgbò ni ń gbé èso jáde. Bí ẹnìkan bá so ọsàn mọ́ ara igi gbígbẹ, igi náà kò tìtorí rẹ̀ di alààyè. Ṣùgbọ́n bí igi bá ní àwọn ń wà láàyè tí kò sì so rárá, ọdún dé ọdún, ó yẹ kí a yẹ gbòǹgbò rẹ̀ wò.

Jákọ́bù kò bá Pọ́ọ̀lù jà. Àwọn méjèèjì lo Ábúráhámù bí àpẹẹrẹ. Pọ́ọ̀lù tọ́ka sí Jẹ́nẹ́sísì 15:6, níbi tí Ábúráhámù ti gba Ọlọ́run gbọ́ tí a sì kà á sí òdodo fún un. Jákọ́bù tọ́ka sí Jẹ́nẹ́sísì 22, nígbà tí ó fi Ísáákì rúbọ. Ọ̀pọ̀ ọdún wà láàárín àkókò méjèèjì. A kò tíì bí Ísáákì nígbà tí a dá Ábúráhámù láre. Ohun tí ó ṣe lórí òkè náà fi hàn pé ìgbàgbọ́ tí ó ní tẹ́lẹ̀ kì í ṣe ti ẹnu lásán.

Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Iṣẹ́ rere onígbàgbọ́ jẹ́ ọpẹ́. Obìnrin tí Krístì ti gbà là tí ó sì ń ta ẹ̀wà ní ọjà kò ní lu ìdí kóńgò rẹ̀ wọlé láti rẹ́ oníbàárà jẹ. Onílé kò ní gba owó ọdún méjì lọ́wọ́ opó, kí ó tún tìtorí pé ẹlòmíràn mú owó púpọ̀ wá lé e jáde. Kọ́ńdọ́ kò ní sá lọ pẹ̀lú ṣéńjì èrò. Wọn kò ṣe èyí láti kún káàdì wọn. A ti fa káàdì náà ya. Ọmọ ni wọ́n jẹ́ nínú ilé báyìí, ọmọ sì máa ń fẹ́ jọ baba rẹ̀.

Èyí pẹ̀lú ni ó mú ìgbéraga kúrò láàárín wa. Bí gbogbo wa bá wọlé nípa owó tí ẹlòmíràn san, kò sí ẹni tí ó lè wo ẹnìkejì rẹ̀ tìkàtẹ̀gbin nínú ọkọ̀ náà.

Ẹ̀KỌ́ FÚN ÌGBÉ AYÉ WA

1. Ní alẹ́ òní, kí o tó sùn, parí gbólóhùn yìí nínú ọkàn rẹ: “Mo gbàgbọ́ pé Ọlọ́run yóò gbà mí nítorí pé mo . . .” Bí ohun tí ó tẹ̀ lé e bá jẹ́ ohun tí ìwọ ṣe, orí ewéko ni o ṣì wà. Kúrò níbẹ̀. Olúwa kò kọ ẹnikẹ́ni tí ó tọ̀ ọ́ wá.

2. Bí o bá ti gba Krístì gbọ́ ṣùgbọ́n tí ẹ̀rù ń bà ọ́, má ṣe fi iṣẹ́ kún iṣẹ́ láti lé ẹ̀rù náà lọ. Padà sí ìlérí Ọlọ́run. Ka Jòhánù 10:27-29 sókè.

3. Ní ọ̀sẹ̀ yìí, bẹ àgbàlagbà tàbí aláìsàn kan nínú ìjọ wò. Má ṣe ka iṣẹ́ rere rẹ̀ fún un. Ka Éfésù 2:4-9 fún un, kí o sì bá a gbàdúrà.

4. Yan iṣẹ́ rere kan tí o lè ṣe láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀, kí o sì ṣe é gẹ́gẹ́ bí ọpẹ́.

ÀWỌN ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín owó iṣẹ́ àti ẹ̀bùn? Fi Róòmù 4:4-5 dáhùn.

2. Kí ni ó fà á tí ó fi máa ń ṣòro fún ẹni tí ìwà rẹ̀ dára láti gba oore-ọ̀fẹ́?

3. Ẹnìkan ní, “Ìgbàgbọ́ mi kéré, n kò lè rí ìgbàlà.” Báwo ni ìwọ yóò ṣe dá a lóhùn?

4. Ṣé ìtẹ̀bọmi ń gbani là? Kí ni ìwúlò rẹ̀ fún onígbàgbọ́?

5. Fi hàn bí ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù àti ti Jákọ́bù ti ṣe ọ̀kan. Lo Jẹ́nẹ́sísì 15 àti 22.

6. Kí ni àwọn ohun tí àwa ọmọ ìjọ máa ń gbẹ́kẹ̀ lé dípò Krístì? Kí olúkúlùkù sọ tirẹ̀, kí ó má ṣe sọ ti ẹnìkejì.

ÀDÚRÀ ÌPARÍ

Baba wa tí ń bẹ ní ọ̀run, a mú ọwọ́ òfìfo wa wá síwájú rẹ. A ti kó iṣẹ́ wa jọ, a sì rí i pé kò tó. A dúpẹ́ pé Jésù Ọmọ rẹ ti san gbogbo rẹ̀. Gba ẹni tí ó ṣì dúró lórí iṣẹ́ ara rẹ̀, kí o sì gbé e ka orí àpáta. Tu àwọn tí ń ṣọ̀fọ̀ láàárín wa nínú. Fi ọkàn aláìsàn àti arúgbó balẹ̀ nínú ìlérí rẹ. Jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ wa ní ọ̀sẹ̀ yìí jẹ́ ọpẹ́ sí ọ, ní ọjà, ní ọ́fíìsì, nínú ọkọ̀ àti nínú ilé wa. Ní orúkọ Jésù Krístì Olúwa wa. Àmín.